Àpótí Kọ́kọ́rọ́

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, oṣù Kejìlá, òjò wínniwínni,
ní òpópónà olókè kan ní Halifax.
Kọ́kọ́rọ́ ilé Bàbá Ackroyd wà nínú àpótí irin
tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn:
òrùka mẹ́rin tó ń yí, nọ́ńbà mẹ́wàá lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin yí àṣírí náà padà lánàá,
kò rántí sọ fún ọ́fíìsì wa.
Fóònù rẹ̀ ń dún. Kò gbé e.

Mo ti ṣe olùkọ́ ìṣirò rí, ní Ìkìrun.
Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń kọ ọ́ sójú pátákó:
ẹ̀wù mẹ́ta, ṣòkòtò mẹ́rin,
ọ̀nà mélòó lo lè gbà múra?
Má rò wọ́n pọ̀, Adéṣínà! Sọ wọ́n di púpọ̀!
Ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ló ń bá ṣòkòtò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde.
Lónìí, ẹ̀wù iṣẹ́ kan, ṣòkòtò dúdú kan:
ọ̀kan lọ́nà ọ̀kan,
ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe ìyókù.

Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá.
Ẹgbàárùn-ún.
Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ti ṣe ìlọ́po sínú rẹ̀:
ẹgbàá, lẹ́ẹ̀marùn-ún.
Bí mo bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò,
aago mẹ́ta ààbọ̀ á lù, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú,
òògùn àárọ̀ bàbá á ṣì wà nínú ike.

Mo ṣí ihò lẹ́tà, mo kígbe sí pálọ̀ níbi tí ibùsùn rẹ̀ wà.
“Bàbá, ẹ rántí nǹkan kan?”
“Méje ló fi bẹ̀rẹ̀.”
Ẹgbẹ̀rún kù.
Ó wúkọ́, ó pẹ́ díẹ̀.
“Àwọn méjì àárín jọra bí ìbejì.”
Ibi tí Táyé bá yà sí ni Kẹ́hìndé ń yà sí,
kò lẹ́tọ̀ọ́ sí yíyàn mọ́: ọgọ́rùn-ún.
“Méjì ló fi parí… àbí márùn-ún?”
Mo fi ọwọ́ nu omi lójú. Ogún.

Ogún! Ogún ò ju ọmọ tó wà ní ìlà méjì kíláàsì mi lọ.
Mo bẹ̀rẹ̀ láti òdo, méjì ṣáájú márùn-ún,
ẹ̀ẹ̀kẹtàdínlógún, irin náà yanu.
Mi ò ní kọ nọ́ńbà onínọ́ńbà síbí;
ẹni tó jókòó dáadáa nínú kíláàsì ti mọ̀ ọ́n.

“O pẹ́,” ni bàbá wí.
Mo fún un lóògùn, mo gbé kẹ́tù kaná.
Kọ́ọ̀bù mẹ́ta ló wà lórí pẹpẹ,
mílíìkì tàbí láìsí mílíìkì,
ṣúgà kan, méjì, tàbí rárá:
tíì méjìdínlógún ni ilé yìí lè bí láàárọ̀ yìí.
“Èwo lẹ fẹ́, bàbá?”
Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tí kò gbọ́ràn.
“Ti àná.”