Alẹ́ Àkọ́kọ́ ní Sọ́míìlì Odùgbẹ̀san

Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ògiri
ibi tí bàbá mi máa ń jókòó pọ́n ayùn.
Wọ́n to àga síbẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn.
Ìkẹtàlá ni tèmi.
Mo jókòó. Imú mi ń wá ìyẹ̀fun igi arère,
ọ̀dà nìkan ló rí.

Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn yìí.
Ewúrẹ́ ló jogún rẹ̀, àti ọmọ tó ń sá fún ilé ìwé.
Bóyá igi ló tán nínú igbó,
bóyá owó ló tán lọ́wọ́ Odùgbẹ̀san,
a ò mọ èyí tó ṣíwájú èkejì.
Wọ́n gé ẹ̀rọ, wọ́n tà á ní kílò.
Ayùn kan ṣoṣo ló kù, ó dípẹtà,
òun ni wọ́n gbé kọ́ sókè ìtàgé yẹn.

Títíloyè Ọ̀nàdípẹ̀ ló lọ bá àwọn ọmọ olóògbé,
ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ṣe ilé eré.
Wọ́n rín in rín in.
Ta ni yóò kúrò ní Òkè-Àgbò
wá san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà
láti wo àgbàlagbà tó ń parọ́ lórí pákó?

Àwa náà rèé. A kún ibẹ̀.

Ìran kejì ni iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́.
Òkùnkùn bo ọba pẹ̀lú olorì,
òjò sì bọ́ sórí páànù
bí ẹni da èkùrọ́ sílẹ̀.

Ohùn kan bá là láti ìlà kẹta:
“Méjì ní mẹ́fà! Ẹsẹ̀ méjìlá!
Ẹ yí i padà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ́!”
Bàbá Wásíù ni, tí ìrókò gba ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀
lọ́jọ́ tí ayùn kọlu ọta ọdẹ
tó ti sùn sínú igi kí wọ́n tó bí wa.
Ẹnìkan dáhùn lẹ́yìn: “Ó ń bọ̀! Ẹ yà fún un!”
Òmíràn ní: “Ayùn ti kú, ẹ pe Apọ́nyùn!”

Apọ́nyùn. Bàbá mi nìyẹn.
Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú ilẹ̀.
Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde,
tí mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi ha òpó irin:
ṣàrá, ṣàrá, dúró.
Ṣàrá, ṣàrá, dúró.
Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn,
ibi tó bá ti dúró ló ti ń fi àtàǹpàkò tọ́ eyín ayùn wò.

Nígbà tí iná dé, àtẹ́wọ́ sọ.
Wọ́n rò pé ara eré ni.

Títíloyè sáré wá. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́,
ẹ tún un ṣe lọ́la. A ó sanwó.”
Bàbá Wásíù wò ó títí.
“Iṣẹ́ ni mo ṣe. Ẹ̀yin lẹ ń ṣeré.
Owó oṣù méje ni ilé yìí jẹ mí.”
Ọmọ náà ò jiyàn. Ó gbé àpótí owó wá, ó ṣí i.
Bàbá mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó fi wọlé,
ó ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti gba díẹ̀.”
Ó ń wá bírò kiri nígbà tí mo jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ mi ò ṣí ilẹ̀kùn.
Eyín rẹ̀ ti jẹ tán.