Òkun Oníyúrò Méjì

Nínú agbọ̀n ẹ̀dínwó, lẹ́bàá ọṣẹ ìfọṣọ,
ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Douarnenez ni mo ti rí i:
ìtàn ìlú wa tó rì, fíìmù aláwòrán fún ọmọdé,
yúrò méjì péré.
Òjò Oṣù Kọkànlá ń na fèrèsé bí ẹni tó wá gba gbèsè.
Mo ní kí Enora rí ìtàn tí wọ́n fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún.
Mo ní kí ìyá mi fa àga sún mọ́ wa.

Ẹ wá gbọ́.
Òkun la ní ká wò, okùn ni wọ́n yà:
ìlà búlúù mẹ́rin tó ń lọ, tó ń bọ̀,
tó tún ń lọ, tó tún ń bọ̀,
bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò gbọ́ ibi tí a rán an.
Enora kà á. Ọmọ ọdún méje ni.
"Bàbá, ìgbì yẹn ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án."

Ẹṣin ọba ń sáré, pátákò ẹ̀ ò kan ilẹ̀.
Irùngbọ̀n ọba wọ àyà ọba, ó gba ẹ̀yìn yọ.
Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ọba ti parí,
ẹnu rẹ̀ ṣì ń jẹ àpọ̀jẹ bí ewúrẹ́.
Ìka rẹ̀ mẹ́rin nígbà tó ń jẹun,
mẹ́fà nígbà tó ń juwọ́ sí wa.
Alákàn kan wá dé. Ta ló pe alákàn?
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, eléyìí fi jígí dúdú bo tiẹ̀,
ó só lẹ́ẹ̀mẹta, òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi ò sọ nǹkan kan.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi bẹ́ orí sàdíìnì ní ilé iṣẹ́ etí èbúté.
Omi gbé Goulven ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ,
fìlà nìkan ló dá padà.
Ìtàn tí òun sọ fún mi kò ní jígí:
kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́rùn ọba tó ń sùn,
ọmọ rẹ̀ tú u fún àlejò aláṣọ pupa,
ilẹ̀kùn òkun ṣí.
Ọba gun ẹṣin, ó gbé ọmọ sẹ́yìn, omi ń lé wọn.
Ohùn kan ní: jù ú sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó jọ rì.
Níbẹ̀ ni ìyá mi máa ń dákẹ́.
Dídákẹ́ yẹn gan-an ni ìtàn. Ìyókù, ọ̀nà àtidébẹ̀ ni.

Nínú tiwọn, alákàn fọwọ́ kan ti ilẹ̀kùn,
òkun tọrọ àforíjì
(ẹ gbà mí gbọ́, òkun tọrọ àforíjì!),
gbogbo ìlú bú sí ijó.
Obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n sọ di ogójì,
wọ́n kàn ń pààrọ̀ àwọ̀ ìborùn.
A ò wá rì mọ́. Kí la ń sọ látọjọ́ yìí?

Mo nawọ́ sí rìmóòtù.
Ìyá mi ní, "Dúró. Dá a padà sẹ́yìn díẹ̀."

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, bóyá mẹ́rin:
òpópó tóóró, fèrèsé kan lókè,
obìnrin àgbà kan nawọ́ jáde,
ó ká aṣọ ọmọdé kúrò lórí okùn,
ó wolẹ̀, ó rí omi lẹ́nu ọ̀nà,
ó sì rọra ṣẹ́ aṣọ náà po, igun sí igun,
kó tó ti fèrèsé.
Ìka rẹ̀ pé márùn-ún.

Ta ló ya èyí? Kò sí orúkọ lẹ́yìn páálí.
Ní yàrá wo, fún owó tín-íntín wo,
ni ẹnìkan ti jókòó kọjá àkókò iṣẹ́,
tí ọ̀gá ń pariwo pé kó sáré,
tó sì kọ̀ láti purọ́, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta?

Ìyá mi ní, "Ẹni yìí mọ omi."
A wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà.
Ìgbà náà ni Enora béèrè ohun tí èmi ò béèrè rí:
"Ṣé ó jù ú sílẹ̀?"
Ìyá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀.
Mo pa alákàn lẹ́nu mọ́.