Ẹdẹ, Ìkìrun, Kí N Tó Padà Wálé

Ẹ̀yìn sítéṣọ̀n rélùwéè ni Bàbá Oyègbadé ń gbé,
yàrá kan tí òórùn kẹrosíìnì kò tíì kúrò lára ògiri rẹ̀.
Ó gbé gìtá lé mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún ìyá rẹ̀.
"Rọra. Ọrùn ni kí o kọ́kọ́ dì mú."

Télọ̀ ni mí ní Alẹ́kúwodò.
Abẹ́rẹ́ ti gún ìka mi títí, ó ti sú abẹ́rẹ́ náà;
mo rò pé kò sí irin tó tún lè bá mi fa wàhálà.
Irọ́ ni.
Wáyà mẹ́fà yẹn fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ilà sí mi níka.
Mo ń rán bọ́tìnnì aṣọ oníbàárà,
mo ń ké yéè lábẹ́ ahọ́n.

Kò fún mi níwèé kankan.
Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò,
ojú irin náà ló fi kọ́ mi.
"Ibi tí ìka rẹ wà yìí, Òṣogbo ni. Ilé ni.
Sún un síhìn-ín: o ti dé Ẹdẹ.
Kò jìnnà, o lè jókòó díẹ̀.
Padà sí Òṣogbo.
Ó yá, bọ́ sí apá kejì: Ìkìrun nìyẹn.
Ẹni bá dúró ní Ìkìrun, ara rẹ̀ kì í lélẹ̀,
ilé ni yóò máa wò.
Má jẹ̀ẹ́ kí orin sùn síbẹ̀. Gbé e wálé."

Kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré.
Mo ní, "Bàbá, ṣé ó tán nìyẹn?"
"Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù," ó ní.
"Lọ wá orin tí ọbẹ̀ rẹ̀ dànù."

Mo wá a.
Mo gbé orin tí ìyá mi fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún sórí wáyà:
ó kúrò lÓṣogbo, ó yà ní Ẹdẹ, ó padà.
Orin ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa.
Orin tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi fi ń tò wọ kíláàsì.
Àní èyí tí Tìjání fi tàn mí lọ́dún náà,
tó ní torí tèmi nìkan lòun ṣe kọ ọ́,
Òṣogbo, Ẹdẹ, Ìkìrun, Òṣogbo.
Mo rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi kanlẹ̀kùn.
Gbogbo ọmọbìnrin tó wà lójú irin ló kọ ọ́ fún!

Pípààrọ̀ niṣẹ́ wà.
Ìka àárín á ti sọ̀ kalẹ̀,
ìka kékeré á ṣì máa wá bàtà.
Bàbá á máa fẹsẹ̀ lu ilẹ̀:
"Ọkọ̀ ò dúró o! Bí o kò bá tíì dé, fò ó,
bá wa ní sítéṣọ̀n tó kàn."

Lóṣù kẹrin, mo gbọ́ ohùn kan lórí rédíò,
ohùn bí ẹni ń pa fèrèsé dé nírọ̀lẹ́,
kò sí nínú mẹ́ta tí mo ní.
"Ọ̀fà nìyẹn," Bàbá wí.
Ó wá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè síwájú àtùpà.
Ìka méjì ló dáwọ́ dúró níbi oríkèé.
Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹrù ló pa wọ́n dé mọ́.
"Ọwọ́ mi ò dé Ọ̀fà mọ́.
Ibi tí mo lè dé ni mo mú ọ dé."
Oṣù mẹ́ta ààbọ̀, ìka ara mi nìkan ni mo ń wò.

Èmi nìkan ni mo wá ọ̀nà Ọ̀fà,
nínú ṣọ́ọ̀bù, láìsí iná, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti tutù.
Ó gbà mí lóru mẹ́sàn-án.
Nígbà tí mo ta á fún un,
ojú rẹ̀ wà ní dídì,
mo retí kó ní mo fi ìka mọ́ wáyà lásán.

Ó ní, "Mo mọ ibẹ̀.
Igi máńgòrò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítéṣọ̀n wọn."