Ibi Tí Ó Wà

Èmi ni mo ń ti ilé-ìkàwé pa ní Họ́ọ̀lù.
Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́,
mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá òkè,
mò ń retí kí gírámà tán.

Ìyáàfin Thackray kọ gbólóhùn kan sójú pátákó,
ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa yí ìdajì rẹ̀ po.
"Ẹ wò ó. Ó ní olùwà, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe,
síbẹ̀ ó ká ara rẹ̀ jọ,
ó jókòó sórí àga ọ̀rọ̀-orúkọ.
Ibi tí ẹ bá ti lè fi 'búrẹ́dì' sí,
ẹ lè fi 'ohun tí mo jẹ lánàá' síbẹ̀."

Hêmin, tó ti ń la ikùn ẹja láti ìdájí, rẹ́rìn-ín:
"Mo mọ búrẹ́dì. Mo mọ̀ pé búrẹ́dì ti wọ́n."
"Ìyẹn gan-an!" ni Màdámù wí.
"Gbólóhùn kan wọnú òmíràn, kò sì há."

Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ.
Òjò ń gbá fèrèsé.

Ó wá kan Domingas, ará Tímọ̀.
Ó dìde bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí ní kóòtù:
"N kò mọ níbo ni ọmọkùnrin mi wà."

Màdámù mú ṣọ́ọ̀kì, ó gbé e sílẹ̀,
ó tún mú un.
"Ìbéèrè tó bá wọlé onílé," ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀,
"fìlà ló ń bọ́.
Ọ̀rọ̀ kékeré tó sáré ṣáájú orúkọ
á padà, á dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ."

"N kò mọ ibi tí ọmọkùnrin mi wà."

Ó tọ̀nà. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó tọ̀nà.
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Àmì ìbéèrè ti kúrò nídìí ọ̀rọ̀ náà,
àmì ìdánudúró ló kù,
ó dúdú, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́.

Mo pa iná. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo tún un tì.
Ọ̀tàlá ọdún dín méjì ni mo ti ń sọ èdè yìí,
n kò mọ̀ rí pé fìlà wà lórí ìbéèrè.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ní kí ló dá mi dúró.
"Ohun tó dá mi dúró," ni mo wí,
mo bọ́ bàtà tútù,
n kò rí ọ̀rọ̀-ìṣe tí màá fi tẹ̀lé e.