Ìrù Tó Fi Ń Bo Imú

Bàbá mi kò rí i rí lójúkojú,
bẹ́ẹ̀ ogójì ọdún ló fi da ẹran lórí òkè Ladakh.
Ipasẹ̀ ló ń rí, ó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀:
irun wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ẹkùn yìnyín, kó má baà rì.
“Òun ti rí wa,” ni bàbá máa ń wí,
á sì tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Àwọ̀ eérú. Àmì dúdú bí òrùka tí kò pé.
Ó dùbúlẹ̀ lórí àpáta, o wò ó, àpáta lo rí.
Ìrù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ara:
bó bá ń sáré ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, òun ló fi ń tọ́ ara,
bó bá sùn, òun ló fi ń bo imú.

Mo bi ìyá àgbà Chuskit bó ṣe ń bú.
Ó rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ kan ṣoṣo fi yọ.
“Èyí kì í bú ramúramù.
Ọ̀fun rẹ̀ kò gbà á.
Inú rẹ̀ a dùn, a fẹ́ èémí nímú, fúù, fúù.
Ariwo kọ́ ló ń pa ẹran, ọmọ mi.”

Lóṣù kẹfà ọdún náà, ó gba ihò òrùlé bọ́ sínú ọgbà ẹran.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgùntàn mọ́kànlá ti kú,
òun náà lúgọ sígun, kò rọ́nà jáde.
Ojú rẹ̀ kò pupa. Àwọ̀ ewé tí omi dídì bò ni.
Àwọn ọkùnrin ṣa òkúta.
Namgyal, tó ni mẹ́fà nínú òkú wọ̀nyẹn,
ló kọ́kọ́ jù ú.
Kò bà á.
Chuskit fọ̀pá la àárín wọn kọjá,
ó ṣílẹ̀kùn.
“Abiyamọ ni. Ẹ wo ọmú rẹ̀.”

Ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́,
bí àlejò tó yó tí kò dúpẹ́.
Kò sẹ́ni tó san àgùntàn Namgyal padà,
ọdún méjì ni kò fi kí Chuskit.

Wáyà ló wà lórí ọgbà ẹran báyìí, Namgyal ló so ó.
Nígbà òtútù, àwọn àjèjì a gbé awò-awọ̀nàjíjìn dé,
a fún wọn ní tíì oníbọ́tà, a nàka sókè.
“Níbo? Níbo?”
Wọ́n a san owó òkúta tí wọ́n wò.

Lánàá mo bá ipasẹ̀ tuntun létí odò dídì.
Mi ò gbójú sókè.
Mo tún fìlà mi ṣe.