Abọ́ Mẹ́rìndínlógún

Ọjọ́ kẹsàn-án ló máa ń dákẹ́.
Kì í ṣe ọjọ́ kẹjọ, kì í ṣe ọjọ́ kẹwàá.
Ẹ̀rọ tí mo so mọ́ ọgbà ẹja keje
létí òkun Klaksvík, níbi tí òjò kì í ti í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé,
yóò wọn afẹ́fẹ́ inú omi, yóò ránṣẹ́ sílé,
yóò wọ̀n, yóò ránṣẹ́,
títí di òru ọjọ́ kẹsàn-án, tí yóò pa lọ́lọ́.

Bárður á wa ọkọ̀ lọ bá a, á pa á, á tún un tàn.
“Marjun, ọmọ rẹ ti jí,” ni yóò wí lórí fóònù,
eyín rẹ̀ á máa lu ara wọn nínú òtútù.
Èmi á dúpẹ́. Ojú á tì mí.

Kílóbáìtì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta péré ni gbogbo ilé ayé ẹ̀rọ náà.
Mo rò pé ó kún ni. Mo wò ó: kò kún.
Àlàfo wà níhìn-ín, àlàfo wà lọ́hùn-ún,
bí a bá kó wọn jọ, wọn á tó yàrá àti pálọ̀;
ṣùgbọ́n àlàfo kì í ṣí lọ bá àlàfo.
Ìdì ọ̀rọ̀ kan dé, ó gùn, ó ń wá ibi tí yóò nà sí.
Àyè pọ̀, àyè ò gbà á.

Mo wá fòfin de yíyá-bó-ṣe-wù-ọ́.
Mo gbẹ́ abọ́ mẹ́rìndínlógún, ìwọ̀n kan náà,
mo tò wọ́n sójú kan kí iná tó tàn.
Ọ̀rọ̀ gígùn á gba mẹ́ta, ká so wọ́n nídìí ara wọn.
Ọ̀rọ̀ bíńtín á gba ọ̀kan, á máa rìn gbẹndẹkẹ nínú rẹ̀
bí ọmọ ọwọ́ nínú ẹ̀wù baba.
Òfò ni, mo mọ̀. Òfò tí mo lè kà ni.
Bí abọ́ bá sì tán, kí ẹ̀rọ sọ pé ó tán.
Àlejò tí a dá padà yóò tún wá;
òkú ni kì í ṣílẹ̀kùn.

Síbẹ̀, abọ́ ń dín.
Ọ̀kan lọ́jọ́ Ajé. Méjì lóru ìjì.
Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà:
ta ló bẹ́gi dínà mi?
Mo tọ ìlà dé ìlà, orúkọ tèmi ni mo bá níbẹ̀.
Bí ìjì bá já ọ̀rọ̀ láàárín,
ọwọ́ mi ló kọ ọ́ pé: jáde.
Kò kọ ọ́ pé: dá abọ́ padà ná.
Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú,
ẹ̀yìnkùlé ni abọ́ ń gbà lọ.

Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi tún un ṣe.

Ọjọ́ kẹsàn-án kọjá, Bárður sùn.
Lógójì ọjọ́ mo bi ẹ̀rọ léèrè.
Abọ́ tí ẹnikẹ́ni yá: òdo.
Abọ́ tó wà nílé: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Mo tún un kà. Kọfí mi ti tutù.
Lójú omi, ọgbà keje ń mì jẹ́jẹ́, ẹja ń mí.
Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.