Omi Ò Mọ̀ Pé Kòtò Ti Kú

Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti kòtò èédú wa pa
ní Silesia níbí.
Wọ́n kó àwọn fìtílà lọ sílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé,
wọ́n ta àwọn irin fún àwọn tó ń yọ́ irin,
wọ́n fún bàbá mi ní aago ọwọ́ àti ìwé ìdúpẹ́.
Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ sọ fún omi.

Omi ń jáde lára àpáta bí òógùn lára ẹni tó ń sùn.
Fi í sílẹ̀ fóṣù mẹ́ta,
yóò kún kòtò tiwa, yóò ya lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀
níbi tí èèyàn ṣì ń wa èédú.
Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sanwó oṣù fún àwa mẹ́rin:
Ewald Gruszka, àwọn Pyka méjèèjì,
àti èmi, Klaudyna, tó kéré jù.

Lóru Ọjọ́bọ̀, pọ́ǹpù kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ké
bí ẹni ń rún òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́nu.
"Bíárìn ti lọ," ni Ewald wí,
kò tiẹ̀ gbójú sókè nínú tíì rẹ̀.

A tú u. Títú ò le,
ọmọdé náà lè tú aago.
A to ẹ̀yà ara rẹ̀ sórí aṣọ ibùsùn àtijọ́:
ìkarahun tó ká bíi ti ìgbín,
abẹ̀bẹ̀ idẹ tí omi ti jẹ létí,
ọ̀pá gígùn, àti kọ́kọ́rọ́ irin kan tí kò tó ìka mi.
"Bí eléyìí bá sọnù," ni ó wí,
"mọ́tò á máa yí, omi á máa wò ó."

A ki bíárìn tuntun bọ inú ọ́ìlì gbígbóná kó lè là díẹ̀.
Mo nawọ́ sí òòlù.
Ewald gba òòlù, ó jókòó lé e.
"Irin tó bá fi ipá wọlé, ipá ni yóò fi jáde."

Nọ́ọ̀tì mẹ́jọ. Má dì wọ́n tẹ̀ léra.
Di tòkè díẹ̀, kí o di tìsàlẹ̀ díẹ̀,
fọwọ́ kan tọ̀tún, fọwọ́ kan tòsì,
bí ẹni ń la ìjà tọkọtaya:
má gbè sẹ́yìn ẹnì kankan.

Ó ní kí n fọwọ́ yí ọ̀pá.
Ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́,
àfi ojú kan tó há bí ọ̀rọ̀ tẹ́nu ò fẹ́ sọ.
Aago bàbá mi ní aago méjì òru ti lù.
A tún gbogbo rẹ̀ tú.
Gásíkẹ́ẹ̀tì ló ká létí, ibi tí èmi fúnra mi tẹ́ ẹ sí.
Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Kí a tó tanná, a bu omi fún un mu.
Ọ̀fun gbígbẹ kì í fa omi.
Atẹ́gùn ń tú jáde, pù, pù, pù,
títí omi fi wá ń dà geere láìdáwọ́ dúró.
Nígbà tó gbéra,
mo fi etí sípánà sára rẹ̀, mo fi orí kejì sétí:
kò sí òkúta lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ewald kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, wákàtí,
gíríìsì tuntun lẹ́yìn ẹgbàá wákàtí.
Ó wá dá òòlù mi padà.
Ó ní ó dára fún fífọ́ àsálà.